Ẹja Tó Lo Ọdún 81 Láyé: Ta Ló Bá Wọn Ka Ọjọ́ Orí Rẹ̀?

Ìbéèrè: Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n rí ẹja ọlọ́dún 81 ní Ọsirélíà? Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n yé ẹyin rẹ̀?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Ọ̀kan nínú ẹbí snapper ni, midnight snapper ni wọ́n ń pè é. Rowley Shoals ni wọ́n ti mú un, láàárín àwọn òkìtì iyùn inú òkun, nǹkan bí 300 kìlómítà sí ìwọ̀-oòrùn ìlú Broome. Ọdún 2020 ni ìròyìn ìwádìí tó sọ nípa rẹ̀ jáde. Ẹja yìí ti ń lúwẹ̀ẹ́ kiri kí Ogun Àgbáyé Kejì tó parí! Ẹnikẹ́ni kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí wà: etí rẹ̀ ni.

Ìbéèrè: Ẹja ní etí kẹ̀?

Ìdáhùn: Ó ní in, inú orí ló fara pamọ́ sí. Àwọn òkúta wẹ́wẹ́ funfun wà nínú rẹ̀. Òun ni ẹja fi ń gbọ́ràn, òun náà ni kì í jẹ́ kó dojú dé nínú omi. Láti kékeré ni òkúta yìí ti ń tóbi, títí ẹja á fi kú. Bí omi bá gbóná, ó ń yára tóbi. Bí omi bá tutù díẹ̀, á falẹ̀. Ìlà kan á wá fara hàn lọ́dọọdún, bí òrùka inú igi ilẹ̀ olótùútù. Àwọn onímọ̀ á rẹ́ òkúta náà pẹlẹbẹ, wọ́n á gbé e sábẹ́ máíkíróskópù, wọ́n á máa kà á.

Ìbéèrè: Kí ló dá wọn lójú pé ọdún kan ni ìlà kan?

Ìdáhùn: Apá yìí ló wú mi lórí jù. Àwọn bọ́ǹbù átọ́míìkì tí wọ́n dán wò ní àwọn ọdún 1950 títí dé ìbẹ̀rẹ̀ 1960 tú irú kábọ́ọ̀nù kan sínú afẹ́fẹ́, ó sì wọ inú òkun. Àmì rẹ̀ wà nínú òkúta etí ẹja tó wáyé nígbà náà, wọ́n sì ń fi í yẹ ìlà tí wọ́n kà wò. Ọ̀nà yìí ló fi hàn pé opakapaka, snapper kan ní Hawaii, lè lò tó ogójì ọdún, ohun tí àwọn tó kọ́kọ́ kà á kò rò rárá.

Ìbéèrè: Báwo ló ṣe rí, kí ló sì mú un pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ọmọ rẹ̀ ní àwọ̀ dúdú àti funfun, lẹbẹ rẹ̀ sì gùn. Tó bá dàgbà, ara rẹ̀ á dúdú, ẹyinjú rẹ̀ á ní àwọ̀ ìyeyè. Àwọn ẹ̀dá kéékèèké tí omi ń gbé kiri lóru ló ń jẹ. Ní ti pípẹ́ rẹ̀, àwọn apẹja ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà kì í dìídì wá a, nítorí náà àwọn àgbàlagbà rẹ̀ ṣẹ́kù. Nínú ìwádìí yẹn kan náà, ẹja 11 ló ti kọjá ọgọ́ta ọdún. Ọ̀kan nínú wọn, red bass, jẹ́ ọlọ́dún 79.