Ẹ̀kúnwọ́ Kajú Kan Lóòjọ́ Ti Tó

Ohun jíjẹ méjì ló wà lára kajú: èso rírọ̀ olómi tí à ń fà mu, àti kóró tó so rọ̀ nídìí rẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń fi iṣẹ́ ọ̀kan yin èkejì. Fítámì C tí wọ́n ń polówó mọ́ kóró, inú èso ló wà, ó sì pọ̀ níbẹ̀ ju ti ọsàn lọ. Ti inú kóró ò tó nǹkan.

Kóró 16 sí 18 ni ẹ̀kúnwọ́ kan, nǹkan bíi gíráàmù 28. Ó ní kálórì 157, èròjà amúaradàgbà gíráàmù 5 àti ọ̀rá gíráàmù 12. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rá yẹn dẹ́rù bà yín: èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ irú tí òróró ólífì ní. Èròjà magnesium inú rẹ̀ tó mílígíráàmù 83, ìyẹn bí ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí àgbà obìnrin nílò lóòjọ́. Iṣan àti ọkàn ló ń lò ó. Èròjà bàbà (copper) inú rẹ̀ tún ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó tó ìdá méjì nínú mẹ́ta ti ọjọ́ kan. Lójú tèmi, àwọn méjì yìí gan-an ni ọlá kajú.

Èròjà irin (iron) náà wà níbẹ̀, àmọ́ èròjà kan tó ń jẹ́ phytate ń dì í mú, ara kì í rí gbogbo rẹ̀ gbà. Ẹ fi ọsàn tì í, tàbí èso kajú fúnra rẹ̀, ara á túbọ̀ gbà á.

Ẹ má fi eyín fọ́ kóró tútù láé. Epo kan wà nínú èèpo rẹ̀ tó ń jó awọ ara títí á fi lé ròrò. Èéfín rẹ̀ pàápàá ń ta ojú àti ọ̀fun. Èyí tí wọ́n ti bó ni kí ẹ rà wálé, kí ẹ yan án nínú páànù gbígbẹ lórí iná kékeré, bí ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí ẹ máa rò ó láìdáwọ́ dúró. Bí iná bá le, ẹ̀yìn á jó, inú á sì rọ̀. Gbàrà tó bá pọ́n díẹ̀ ni kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, torí ooru inú rẹ̀ ṣì ń yan án lọ. Ó gbọ́dọ̀ tutù pátápátá kó tó wọ ìgò. Ooru tó bá há mọ́ inú ìgò á di omi.

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kó jẹ èyí tí kò níyọ̀. Ẹni tó ní òkúta inú kíndìnrín tàbí tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn, kó bi dókítà rẹ̀ kó tó jẹ ẹ́. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́ lódidi, ó lè há a lọ́fun. Bí ètè ẹni tó jẹ ẹ́ bá wú, tí ara ń yún un, tàbí tí kò lè mí dáadáa, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Èyí tó bá ń rùn bí òróró tó ti pẹ́, ó ti bàjẹ́. Èyí tó bá hu èbu, ẹ dà á nù. Fífọ̀ àti yíyan kì í mú májèlé èbu kúrò.