Wọ́n lẹ GT mọ́ ọn, ìyẹn ò ní kó jẹ́ GT

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ Mustang àtijọ́, ọkọ̀ Ford yẹn, díẹ̀ o, pàápàá fastback, èyí tí òrùlé ẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀ títí lọ bá búùtù, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé tọ́kọ̀ yẹn bá ti jẹ́ fastback, tí wọ́n fa ilà méjì gba orí ẹ̀, tí wọ́n wá lẹ GT, ìyẹn àmì Mustang tí Ford kó àkànṣe ẹ̀yà sí láti ilé-iṣẹ́, mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, a jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ńlá ló wà ńbẹ̀, kéèyàn yáa kó owó ńlá sílẹ̀. Irọ́ ni jàre. Àbí téèyàn bá lẹ àmì Benz mọ́ Corolla, ó ti di Benz nìyẹn?

Nọ́ńbà ṣaṣí ni kẹ́ ẹ kà. Ká mú ti 1965: ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ wo irin ẹ̀gbẹ́ inú ibẹ̀ lápá ibi tí dírẹ́bà ń jókòó, wọ́n lu nọ́ńbà sára ẹ̀. Ká ní 5F09C ló fi bẹ̀rẹ̀. 5 yẹn ni ọdún, F ni Dearborn tí wọ́n ti tò ó (R ni San Jose, T ni Metuchen), 09 ni fastback, lẹ́tà tó kẹ́yìn yẹn wá ni ẹ́ńjìnnì, òun gan-an lowó wà lára ẹ̀. T ni sìlíńdà 6, bẹ́ẹ̀ ni o, fastback tó ní sìlíńdà 6 látilẹ̀ wà. C ni V8 289 (ẹ́ńjìnnì sìlíńdà 8 tó tóbi tó kúbíìkì íǹṣì 289) tí kabúrétọ̀ ẹ̀ ní ihò méjì, A ni oníhò mẹ́rin, K ni ọ̀gá wọn, agbára ẹṣin 271. Ní 1965 àti 1966, Ford ò ta GT fún ẹnikẹ́ni àfi tó bá mú A tàbí K, torí náà tẹ́nì kan bá ń polówó GT 1965 tí lẹ́tà ẹ̀ jẹ́ C, owó C ni kẹ́ ẹ san. Ẹ má wá gbé òfin yìí dé 1967 o, lọ́dún yẹn V8 èyíkéyìí lè gba GT.

Nkan tó tún ń yà mí lẹ́nu ni pé fastback náà fúnra ẹ̀ lè jẹ́ ayédèrú. Ní 1966, hardtop, ìyẹn èyí tí òrùlé ẹ̀ ò dà gẹ̀rẹ̀ dé búùtù, tí wọ́n ṣe jẹ́ 499,751, fastback 35,698 péré, ẹ wá wo ìyàtọ̀ yẹn. Àwọn kan á gé òrùlé hardtop kúrò, wọ́n á jó ti fastback mọ́ ọn, wọ́n á kùn ún, ojú lásán ò lè mọ̀. Ṣùgbọ́n 07 tó jẹ́ ti hardtop ṣì wà nínú nọ́ńbà dípò 09 (ní 1967 àti 1968, 01 ni hardtop, 02 ni fastback). Ẹni tó bá sì ní fastback 1964 àtààbọ̀ (bí wọ́n ṣe ń pe àwọn Mustang tó kọ́kọ́ jáde) lòun ń tà, irọ́ ló ń pa, Mustang jáde ní April 17, 1964 lóòótọ́, àmọ́ fastback ò sí lára wọn nígbà yẹn.

Àwọn kan á ní ṣebí èyí tí òṣèré Steve McQueen wà nínú fíìmù Bullitt, mílíọ̀nù 3.74 dọ́là ni wọ́n tà á ní Kissimmee, Florida, ní January 2020. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọ̀dà ara ẹ̀ ti ṣá, ó ti dógùn-ún níbi kan, wọ́n tiẹ̀ yọ àmì GT kúrò lára ẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ ya fíìmù yẹn. S tó wà nínú nọ́ńbà ẹ̀, ìyẹn ẹ́ńjìnnì V8 390, àti ìwé tó fi hàn pé òun gan-an ni, ni wọ́n sanwó fún.

Tó bá jẹ́ 1967 sókè lẹ ń wò, ẹ béèrè Marti Report, inú àkọsílẹ̀ Ford ni wọ́n ti ń yọ ọ́, á sọ bóyá GT ni láti ilé-iṣẹ́. Ti 1965 àti 1966 ò ní irú ẹ̀, nọ́ńbà ara irin yẹn nìkan ló kù, kìí ṣe irin pẹlẹbẹ kékeré ti ara ilẹ̀kùn, torí ìyẹn, wọ́n ń tẹ tuntun ẹ̀ tà. Kí ẹni tó ń tà á ya fọ́tò inú bọ́nẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ kẹ́ ẹ tó fi kọ́bọ̀ ṣọwọ́.