Adùn kọ́ ló gbé Gẹ̀ẹ́sì dórí àpèrè

Àwọn oníṣòwò kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ ọkọ̀ lórí odò Thames, wọ́n ń lọ sí Zeeland ní òdìkejì òkun. Afẹ́fẹ́ kọ̀, kò fẹ́, ọkọ̀ kò ṣe é wà, ni wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ sétí omi láti wá nǹkan jẹ. Ọ̀kan nínú wọn dé ọ̀dọ̀ obìnrin kan, ó ní kó ta ẹyin fún òun. Obìnrin yẹn ní kó má bínú, òun kò gbọ́ Faransé. Inú bí ọkùnrin náà, nítorí òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́ Faransé. Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ! Egges ló pe ẹyin, eyren sì ni wọ́n ń pè é níbi tó dé, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà. Àfìgbà tí ẹlòmíì dá sí i, tó pe eyren, kí obìnrin yẹn tó mọ ohun tí wọ́n ń wá.

William Caxton, ẹni tó kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1476, ló sọ ìtàn yìí ní 1490. Kò mọ èwo ni kí òun tẹ̀ sínú ìwé. Ẹyin lohùn, àwa náà ń wí bẹ́ẹ̀, àmọ́ tiwọn yìí kò tíì bọ́ tó ti fọ́.

Ohun tó mú mi rántí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan tí mi ò yéé gbọ́: pé Gẹ̀ẹ́sì gba ayé nítorí pé ó pegedé ju èdè yòókù lọ. Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀, ìwé rẹ̀ jinlẹ̀, èdè ìmọ̀ ni láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ayé rí i, ayé sì yàn án. Ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ, náírà márùn-ún ni ọmọ tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì ń san. Olùkọ́ tó ń gba owó náà ló ń sọ fún wa pé Yorùbá dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè gbé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì.

Bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n sọ nípa Gẹ̀ẹ́sì gan-an nìyẹn, ní ilé rẹ̀.

Ní 1066 ni William ti Normandy, láti ilẹ̀ Faransé, ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Fún nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún lẹ́yìn náà, Faransé ni wọ́n ń sọ láàfin, Látìn ni àwọn àlùfáà fi ń kọ̀wé, Gẹ̀ẹ́sì sì di èdè àgbẹ̀ àti aláàárù. Nígbà tó di 1362, wọ́n ṣòfin pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi rojọ́ ní kóòtù, nítorí pé àwọn tí wọ́n ń dá lẹ́jọ́ kò gbọ́ Faransé. Faransé ni wọ́n fi kọ òfin ọ̀hún! Àkọsílẹ̀ ẹjọ́ ṣì wà ní Látìn títí di 1733.

Ní 1582, nígbà tí Shakespeare jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún, ọ̀gá ilé ìwé kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Richard Mulcaster, gbèjà Gẹ̀ẹ́sì tọkàntọkàn. Síbẹ̀ ó gbà pé èdè náà kò rìn jìnnà: kò kọjá erékùṣù wọn, kò sì tilẹ̀ kárí erékùṣù náà. Òótọ́ ló sọ, nítorí ará Wales ń sọ tirẹ̀, ará òkè Scotland náà ń sọ tirẹ̀.

Sáyẹ́ǹsì ńkọ́? Isaac Newton fi Látìn kọ ìwé rẹ̀ tó lókìkí jù, èyí tó jáde ní 1687. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni, Cambridge ló wà, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí òun bá fi èdè ìyá òun kọ ọ́, díẹ̀ nínú àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù ni yóò lè kà á. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ìwé rẹ̀ lórí ìmọ́lẹ̀ ní 1704. Ní 1706, wọ́n túmọ̀ ìyẹn náà sí Látìn. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣe sáyẹ́ǹsì lónìí, ọwọ́ Látìn àti Gíríìkì ló ti yá wọn, bí àwa náà ṣe yá àlùbọ́sà àti sọ́jà. Èdè tó bá rí iṣẹ́ ṣe á wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi ṣe é.

Kí ló wá gbé e sókè? Ọkọ̀ ojú omi, ìbọn, àti owó oṣù. Íńdíà ni mo rí i pé ó ti hàn kedere jù. Ní 1835, Thomas Macaulay, ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, kọ̀wé sí ìjọba náà pé pẹpẹ ìwé kan ṣoṣo láti Yúróòpù níye lórí ju gbogbo ìwé Íńdíà àti ti Lárúbáwá lọ. Nínú ìwé yẹn kan náà ló ti jẹ́wọ́ pé òun kò gbọ́ Sanskrit, òun kò sì gbọ́ Lárúbáwá. Adájọ́ tí kò gbọ́ tẹnu ẹlẹ́jọ́! Ìjọba gbà á lẹ́nu rẹ̀ ṣá. Ní 1837 wọ́n yọ èdè Páṣíà kúrò ní kóòtù. Ní 1844 wọ́n kéde pé ẹni tó bá kàwé lédè Gẹ̀ẹ́sì ni yóò ṣíwájú nínú iṣẹ́ ìjọba. Ta ni kò ní rán ọmọ rẹ̀ lọ kọ́ ọ?

Ibi tó ń pa mí lẹ́rìn-ín nìyí. Ní gbogbo ìgbà tí àwọn ọmọ Íńdíà ń há ewì Gẹ̀ẹ́sì sórí nítorí ìdánwò, Gíríìkì àti Látìn ni Oxford kà sí ẹ̀kọ́ gidi. Yunifásítì kan ní Lọ́ńdọ̀nù ti yan ọ̀jọ̀gbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ní 1828, Edinburgh náà sì ti ń kọ́ni ní nǹkan tó jọ ọ́ láti 1762, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ilé ẹ̀kọ́ fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ní 1887, Edward Freeman, ọ̀jọ̀gbọ́n ìtàn ní Oxford, pè é ní ẹjọ́ wẹ́wẹ́ lórí akéwì Shelley. Ọdún 1894 ni Oxford tó gbà á, Cambridge dúró di 1917. Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì dùn, èmi náà ń kà á. Kò sẹ́ni tó ń jà sí ìyẹn.

Lọ́dọ̀ wa, Henry Townsend ti ń tẹ ìwé ìròyìn Yorùbá l'Ábẹ́òkúta láti 1859, odindi Bíbélì Yorùbá sì jáde ní 1884. Ṣùgbọ́n òfin ètò ẹ̀kọ́ ti 1882 ti so owó ìrànwọ́ ìjọba mọ́ kíkọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé ìwé tó ń wá owó mọ ibi tí yóò kọjú sí. Lẹ́yìn náà ni Amẹ́ríkà gba iṣẹ́ títan Gẹ̀ẹ́sì kálẹ̀ lọ́wọ́ Ìlú Ọba. Kí ogun àgbáyé méjèèjì tó jà, ẹni tó bá fẹ́ mọ kẹ́mísírì dájúdájú ní láti ka Jámánì. Nígbà tí ogun parí, dọ́là ló kù nílẹ̀.

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, tí Gẹ̀ẹ́sì sì dá dúró bí iṣẹ́ kan. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àti nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Olùkọ́ tó ń gba náírà márùn-ún lọ́wọ́ wa kò sọ ìyẹn fún wa.