Ìgbésẹ̀ 10,000 lójúmọ́: ta ló pàṣẹ rẹ̀ fún àwọn àgbà?

Lọ́dún 2025, ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet Public Health gbé ìwádìí kan jáde tó ní ìgbésẹ̀ 7,000 lójúmọ́ ti ṣe gudugudu méje. Àwọn tó ti ń fi ẹ̀rọ ka 10,000 láti ọjọ́ yìí wá ń bi ara wọn bóyá ìrìn òfò ni àwọn ti ń rìn.

Ta ló tilẹ̀ sọ pé 10,000?

Ọlọ́jà ni. Lọ́dún 1965, ọdún kan lẹ́yìn ìdíje Òlíḿpíìkì tó wáyé ní Tokyo, ilé-iṣẹ́ kan ní Japan gbé ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ka ìgbésẹ̀ jáde. Manpo-kei ni wọ́n sọ ọ́, ìyẹn ẹ̀rọ ìgbésẹ̀ 10,000. Iye náà kò ṣòro rántí, ọjà sì tà. Kò burú o. Ẹni tó bá lágbára rẹ̀, kó máa rìn ín lọ.

Ṣé 7,000 ti wá di òfin nìyẹn?

Rárá, ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Ìwádìí yẹn fi ẹni tó ń rin 7,000 wé ẹni tó ń rin 2,000 péré, ewu ikú ẹni àkọ́kọ́ sì fi bí ìdá 47 nínú 100 kéré sí ti èkejì. Ṣáájú ìgbà náà, ní 2019, olùwádìí ìlera kan, I-Min Lee, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣèwádìí lórí àwọn obìnrin tó lé ní 16,000, tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ nǹkan bí 72. Àwọn tó ń rin bí 4,400 kò kú tó àwọn tó ń rin bí 2,700. Èrè náà ń pọ̀ sí i títí dé nǹkan bí 7,500, lẹ́yìn náà ó dúró lójú kan. Ẹ ṣírò rẹ̀: láti 2,700 dé 4,400 kò ju ìrìn bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Ẹni tó ń jókòó látàárọ̀ dalẹ́ ni ìgbésẹ̀ díẹ̀ ń ṣe lóore jù.

Ṣé kì í ṣe pé ẹni tára rẹ̀ le ló ń rìn?

Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n. Ó wà lára rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi ìbò pín àwọn àgbà 1,635, ẹni ọdún 70 sí 89, sí ọ̀nà méjì. Apá kan ń rìn, wọ́n sì ń ṣe eré ìdárayá díẹ̀ kún un. Apá kejì ń gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ìlera. Èsì tó jáde ní 2014 fi hàn pé àwọn tó ń rìn ò tètè di ẹni tí kò lè dá rìn mọ́. Ìbò ò mọ ẹni tára rẹ̀ le.

Ṣé kíákíá ni àbí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́?

Bí ẹ bá lè sọ̀rọ̀ àmọ́ tí ẹ ò lè kọrin, ó ṣe wẹ́kú.

Mi ò ní ẹ̀rọ tó ń ka ìgbésẹ̀ ńkọ́?

Ẹ wo aago. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀.

Ṣé kò ní jẹ orúnkún mi tán?

Orúnkún kì í ṣe àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà. Ìrìn ń fún iṣan tó gbé e ró lókun, wọ́n sì máa ń gba ẹni tó ní làkúrègbé orúnkún níyànjú láti rìn. Díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi kún un. Bó bá wú, tàbí tí ìrora náà wà títí di ọjọ́ kejì, ẹ dín in kù.

Ṣé ìrìn nìkan tó?

Kò tó. Àjọ yẹn kan náà fẹ́ kí ẹni ọdún 65 sókè máa ṣe ohun tó ń mú ara dúró déédéé tó sì ń fún iṣan lókun, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí wọ́n má baà máa ṣubú. Ẹ lè máa dìde lórí àga láìfọwọ́ tì í.

Kí ló yẹ kó bà mí lẹ́rù?

Bí àyà bá ń fún yín, tí òòyì ń kọ́ yín, tàbí tí ẹ ò lè mí dáadáa, ẹ dúró, kẹ́ ẹ sì wá ìtọ́jú lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yìn ojúgun tó ń ro yín nígbà tẹ́ ẹ bá rìn dé ibì kan, tó sì ń lọ bẹ́ ẹ bá ti sinmi, ẹ má pè é ní ogbó lásán: òpó ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ lè ti dí. Ẹ lọ rí dókítà. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ sì gbọ́dọ̀ yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò lẹ́yìn gbogbo ìrìn, torí ẹsẹ̀ tó ti kú tipiri lè gbọgbẹ́ kó má mọ̀.