Etù púpọ̀ nínú àwo kì í mú ìbọn olókùúta yára

Ẹni tó bá ń lo ìbọn ìpẹyẹ olókùúta àtúnrọ, ìyẹn irú ṣakabùlà tí àwọn òyìnbó fi ń pẹyẹ láàárín ọdún 1700 sí 1800, tí àwọn oníṣẹ́ irin tún wá ń rọ ní tuntun lóde òní, kò ní pẹ́ tó fi máa gbọ́ ọ: "Ìbọn yẹn máa ń lọ́ra ni. Ẹ bu etù kún àwo rẹ̀ dáadáa kó lè tètè dún." Ọ̀rọ̀ méjì nìyẹn, kò sì sí èyí tó jóòótọ́ nínú méjèèjì. Èyí tó tún burú ni pé èkejì gan-an ló ń bí èkíní.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìka bá fa ìbọn náà. Apá irin tó di òkúta ìṣáná mú á fò síwájú, òkúta á ha irin ìṣáná tó dúró kọjú sí i, irin náà á ṣí, àwo etù tó wà lábẹ́ rẹ̀ á sì là sílẹ̀. Ẹ̀ta iná á já sínú àwo, etù ibẹ̀ á gbiná, iná ọ̀hún á wá gba ihò kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ìbọn wọlé lọ bá ojúlówó etù tí a kì sí ìsàlẹ̀ ọ̀pá. Ihò náà kò sábà fẹ̀ ju mìlímítà kan ààbọ̀ sí méjì lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Bí ihò yẹn bá ṣófo, ooru iná inú àwo á ta wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kún àwo débi pé etù ya wọ inú ihò, tàbí tí ẹ fi ọwọ́ gbá ìbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè wọlé, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe, ẹ ti fi etù dí ọ̀nà fún iná. Kò lè ta wọlé mọ́. Àfi kó máa jó hóró kan tẹ̀ lé òmíràn, bí ìgbà tí iná bá ń jẹ okùn lọ, títí tó fi máa dé inú. Ìdí nìyẹn tí etí fi ń gbọ́ "fùùù" kó tó gbọ́ "gbàù". Ìbọn tí wọ́n tọ́jú dáadáa, ìró kan ṣoṣo ló ń ní. Láti ìgbà tí òkúta bá ti kan irin títí ọta á fi jáde lẹ́nu rẹ̀, ó lè má tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá.

Nítorí náà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kì ìbọn tán, ẹ ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú ihò kó lè mọ́. Ẹ wá bu etù tó kúnná díẹ̀ sínú àwo, bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sún mọ́ ihò, àmọ́ kó má bò ó.

Ìgbàgbọ́ pé ìbọn náà ń lọ́ra kò ṣàdédé wá. Alexander Forsyth, oníwàásù ìjọ kan ní Belhelvie ní Scotland, gba ìwé ẹ̀tọ́ ní ọdún 1807 lórí ọ̀nà tuntun láti fi kẹ́míkà tí wọ́n ń lù mú etù gbiná. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nípa ìdí tó fi ṣe é ni pé àwọn ẹyẹ odò ń rí mànàmáná inú àwo, wọ́n sì ń rì sómi kí ọta tó dé. Ìbọn tuntun borí, orúkọ burúkú sì mọ́ èyí àtijọ́ lára. Bẹ́ẹ̀ kẹ̀, láti ọdún 1787 ni Henry Nock ní Lọ́ńdọ́nù ti gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ìdí ọ̀pá ìbọn kan tó ní ìyẹ̀wù kékeré nínú, tó ń jẹ́ kí etù gbiná kíákíá. Ẹyẹ tó ń fò lójú ọ̀run ni àwọn èèyàn ìgbà náà ń fi ìbọn olókùúta já bọ́.

Ohun tó ń dùn mí jù ni bí àṣìṣe yìí ṣe ń bọ́ ara rẹ̀. Iná inú àwo kò jìnnà sí ojú. Bó bá ti kọ yẹ̀rì, ẹni tó mú ìbọn á ṣẹ́jú, á gbé orí sókè, apá rẹ̀ tó ń bá ẹyẹ lọ á dúró. Ọta á gba ẹ̀yìn ẹyẹ kọjá. Á ní ìbọn ló lọ́ra, á tún bu etù kún un. Etù púpọ̀ á mú iná ńlá wá, iná ńlá á tún mú ìpayà wá. Àtúnṣe rẹ̀ kò ṣòro: ẹ rí i dájú pé ìbọn ṣófo pátápátá, ẹ yọ òkúta kúrò, ẹ fi igi pẹlẹbẹ sí ipò rẹ̀, kí ẹ wá máa fà á léraléra láìjẹ́ kí ojú tàbí apá yẹ̀. Ọwọ́ gbọ́dọ̀ máa bá ẹyẹ lọ lẹ́yìn tí ìbọn bá ti dún. Mo gbà pé èyí nìkan ń wo ju ìdajì "ìlọ́ra" sàn.

Àwọn kan tún gbà pé òkúta ló ń sọ iná, wọ́n á sì máa pààrọ̀ òkúta lójoojúmọ́. Irin ni. Òkúta ń ha ìpẹ́pẹ́ kékeré kúrò lára irin, ìpẹ́pẹ́ irin yẹn ló ń jó. Bí òkúta bá mú, tí awọ dì í mú ṣinṣin, tí ẹnu rẹ̀ sì bá ojú irin dọ́gba, ṣùgbọ́n tí ẹ̀ta iná pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tí kò tàn, tí ojú irin sì ní kòtò jíjìn, irin náà ti rọ̀ jù. Ẹni tó mọ̀ nípa rírọ irin ló máa tún mú un le.

Bákan náà ni àwọn kan ń rò pé irin òde òní gba etù púpọ̀, tàbí etù aláìléèéfín ti ìgbàlódé. Rárá o! Etù dúdú, irú etù àtijọ́ tí a ti ń sọ bọ̀, ni àwọn ilé tí wọ́n ti ń dán agbára ọ̀pá ìbọn wò, bíi ti Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Gardone ní Ítálì, fi dán irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ wò. Ìwọ̀n tí ẹni tó rọ ọ́ kọ sílẹ̀ ni ààlà. Kí ẹnikẹ́ni má sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ihò wà, torí iná máa ń tú jáde níbẹ̀. Bí àwo bá gbiná tí ìbọn kò dún, ẹ kọjú ẹnu rẹ̀ síbi tí kò léwu fún odindi ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Èérú etù dúdú máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ìbọn tí a kò fọ̀ lónìí lè ti máa dípẹtà lọ́la, ihò tí èérú bá sì dí náà ń mú un lọ́ra. Omi ló ń fọ èérú yìí, kì í ṣe òróró. Ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ ọ̀pá, ihò àti àwo, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ tó fi òróró díẹ̀ pa á. Kí ẹ tó tún kì í, ẹ nu òróró náà kúrò nínú ọ̀pá, ihò àti àwo, torí etù tí òróró bá kàn kì í gbiná dáadáa.