"Boycott": Orúkọ Ta Ni?

Ìbéèrè: Mo gbọ́ nínú ìròyìn pé ẹgbẹ́ òṣèlú kan fẹ́ "boycott" ìdìbò, ìyẹn ni pé wọ́n fẹ́ kẹ̀yìn sí i. Ọmọ mi wá bi mí bóyá "boy" tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kan ọmọkùnrin. N kò rí èsì fọ̀.

Ìdáhùn: Kò kan ọmọkùnrin kankan o. Orúkọ ìdílé ni. Charles Boycott, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ti ṣe sójà rí, ló ń bá onílẹ̀ kan, Lord Erne, gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Mayo ní Írẹ́lándì.

Lọ́dún 1880, àwọn àgbẹ̀ ní kí wọ́n dín ìṣákọ́lẹ̀ kù. Ohun tí wọ́n dín kò tẹ́ wọn lọ́rùn, ni Boycott bá ní òun á lé àwọn tí kò san kúrò lórí ilẹ̀. Kó tó di ìgbà náà, olóṣèlú Charles Stewart Parnell ti sọ fún èrò nílùú Ennis pé ẹni tó bá gba ilẹ̀ tí wọ́n lé ẹlòmíì kúrò lórí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bá a sọ̀rọ̀ mọ́, ì báà jẹ́ lọ́jà, ì báà jẹ́ nílé ìjọsìn. Kì í ṣe Boycott ló ń bá wí, àmọ́ orí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà já lé.

Àwọn òṣìṣẹ́ oko rẹ̀ bá tiwọn lọ. Alágbẹ̀dẹ kò ṣiṣẹ́ fún un mọ́, alágbàfọ̀ kò gba aṣọ rẹ̀, àwọn olójà kò tajà fún un, lẹ́tà pàápàá kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Nígbà tí irè oko rẹ̀ fẹ́ bàjẹ́ nínú ilẹ̀, nǹkan bí ènìyàn 50 ló wá láti Cavan àti Monaghan láti bá a kórè, tí sójà bíi 1,000 sì ń ṣọ́ wọn. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bíi £10,000 ló bá a lọ, lórí irè tí iye rẹ̀ jẹ́ bíi £500. Èwo ni èrè níbẹ̀? Ọdún náà kò tíì parí tí Boycott fi kẹ́rù kúrò ní Írẹ́lándì.

Akọ̀ròyìn ará Amẹ́ríkà kan, James Redpath, sọ pé àlùfáà John O'Malley ló mú ọ̀rọ̀ "boycott" wá. "Ostracise" (kí wọ́n ta ènìyàn nù láwùjọ) ni Redpath kọ́kọ́ rò, àlùfáà ní ó ti wúwo jù lẹ́nu àwọn àgbẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé kì í ṣe "strike" náà nìyẹn?

Ìdáhùn: Rárá. Ìyanṣẹ́lódì ni "strike": iṣẹ́ tìrẹ lo dá dúró. "Boycott" ni pé kéèyàn mọ̀ọ́mọ̀ kẹ̀yìn sí ọjà, ìdíje tàbí ẹnì kan, kí wọ́n lè mọ̀ pé inú ń bí i. Nàìjíríà ṣe é ní Montreal lọ́dún 1976: àwa àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà kọ Òlíńpíìkì sílẹ̀, torí pé ẹgbẹ́ rọ́gbì New Zealand lọ gbá bọ́ọ̀lù ní South Africa nígbà apartheid (ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà), síbẹ̀ wọ́n jẹ́ kí New Zealand kópa nínú Òlíńpíìkì. Ẹni tí oorun kò jẹ́ kó lọ dìbò kò "boycott" nǹkan kan.

Ìbéèrè: Báwo la ṣe ń lò ó nínú gbólóhùn?

Ìdáhùn: "They boycotted the election." Ẹ má fi "from" kún un, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń ṣe.