Ṣé lóòótọ́ ni pé ìwé kóòtù ò lè bá èèyàn dé ilẹ̀ Navajo?

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń wo fíìmù Amẹ́ríkà ló ti gbà pé bí èèyàn bá ti sá wọ ilẹ̀ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀, irú bí àwọn Navajo, ó bọ́ nìyẹn. Ṣẹ́ríìfù, ìyẹn ọ̀gá ọlọ́pàá àdúgbò, á dúró sẹ́nu ààlà, á máa wo ẹ̀yìn ẹni tó ń lé. Àwọn mìíràn wà tí èrò tiwọn yàtọ̀ pátápátá: wọ́n ní Amẹ́ríkà kan náà ni, ìwé tí adájọ́ bá ti fọwọ́ sí, akódà lè mú un wọ ibi tó bá wù ú. Èrò méjèèjì ò tọ̀nà. Lójú tèmi, èyí kejì ló burú jù, torí ẹni tó gbà á gbọ́ á ti náwó kóòtù tán kó tó mọ̀ pé òfo lòun ń ṣe.

Ẹ jẹ́ ká mú káńtì Apache ní ìpínlẹ̀ Arizona (káńtì ni ẹkùn kan lábẹ́ ìpínlẹ̀). Igun àríwá ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ náà ló wà, ó sì gùn tẹ́ẹ́rẹ́ láti ààlà Utah wá sí gúúsù. Ilẹ̀ rẹ̀ lé ní 11,000 máìlì onígun mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí 66,000 èèyàn péré ni wọ́n kà níbẹ̀ lọ́dún 2020. St. Johns ni olú-ìlú káńtì, ibẹ̀ ni kóòtù ìpínlẹ̀ wà. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà, àwọn Navajo ló ni ín, àwọn Apache ti White Mountain náà sì ní tiwọn ní gúúsù. Window Rock, olú-ìlú ìjọba Navajo, wà nínú káńtì yìí kan náà. Ìjọba yẹn ní ààrẹ, ó ní àwọn aṣòfin, ó ní ọlọ́pàá, ó sì ní ilé ẹjọ́ gíga jùlọ tirẹ̀.

Wíwá èèyàn rí níbẹ̀ pàápàá, iṣẹ́ ni. Láti St. Johns dé Chinle, ìlú kan lórí ilẹ̀ Navajo, ju wákàtí méjì lọ nínú mọ́tò. Ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní nọ́ńbà, ojú títì tó kọjá níwájú wọn ò sì lórúkọ. Àpótí ní ilé ìfìwéránṣẹ́ làwọn èèyàn ti ń gba lẹ́tà. Bí ẹ bá béèrè ilé ẹnìkan, wọ́n á ní kí ẹ wo òpó máìlì báyìí-báyìí, kí ẹ yà sí ọ̀nà eléruku, kí ẹ wá máa ka ilé lọ. Síbẹ̀, gbogbo ìyẹn kọ́ ni ìṣòro gan-an.

Àwọn àgbà wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìdí nìyẹn tí kóòtù fi gbọ́dọ̀ rí i pé ìwé ìpẹ̀jọ́ tẹ olùjẹ́jọ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìwé yẹn kì í ṣe ìròyìn lásán, àṣẹ ìjọba ni, àṣẹ ìjọba kan kì í sì í ṣàdédé múlẹ̀ lórí ilẹ̀ ìjọba mìíràn.

Ẹjọ́ tó fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀, inú káńtì Apache ló ti bẹ̀rẹ̀. Hugh Lee, tí kì í ṣe ọmọ ìbílẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù ní Ganado, lórí ilẹ̀ Navajo. Ó ta ọjà àwìn fún Paul Williams àti Lorena ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ ọmọ Navajo. Nígbà tí owó ò wọlé, Lee gba kóòtù ìpínlẹ̀ Arizona lọ, wọ́n dá a láre, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ìpínlẹ̀ náà sì tún gbè é lẹ́yìn. Lọ́dún 1959, ọ̀rọ̀ dé Washington. Gbogbo adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga jùlọ Amẹ́ríkà fohùn ṣọ̀kan, wọ́n da ìdájọ́ Arizona nù. Adájọ́ Hugo Black tó kọ ọ́ tọ́ka sí àdéhùn ọdún 1868 láàárín Amẹ́ríkà àti àwọn Navajo, èyí tó ní kí àlejò má ṣe wọ ilẹ̀ wọn láìgbàyè. Pé Lee kì í ṣe ọmọ ìbílẹ̀ ò kan ọ̀rọ̀ náà: orí ilẹ̀ wọn ló wà, ibẹ̀ ló ti tajà. Bí kóòtù ìpínlẹ̀ bá wá gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ó ti já agbára gbà mọ́ kóòtù Navajo lọ́wọ́ nìyẹn.

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa o. Wọn ò sọ pé kí Williams má san gbèsè. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kóòtù Navajo ni kí Lee gbà lọ. Ibi tí fíìmù ti ń ṣì wá lọ́nà nìyí: ilẹ̀ náà kì í ṣe igbó tí kò lófin.

Lọ́dún 1976, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ Arizona fúnra rẹ̀ wá sọ̀rọ̀ lórí ìwé gan-an. Igbákejì ṣẹ́ríìfù káńtì Pima ló wọ ilẹ̀ àwọn Papago, ọmọ ìbílẹ̀ mìíràn tí wọ́n ń pè ní Tohono O'odham lónìí, tó lọ fún ọmọ ìlú náà kan ní ìwé ẹjọ́ lórí ta ni bàbá ọmọ. Kóòtù ní ìwé náà ò múlẹ̀, torí agbára ṣẹ́ríìfù ò dé ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọdá sí ìpínlẹ̀ New Mexico, tí ilẹ̀ Navajo kan náà nà dé, ọ̀rọ̀ yí padà. Lọ́dún 1973, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ tiwọn ti sọ pé bí gbèsè bá ti ìta ilẹ̀ Navajo wá, ìwé ìpínlẹ̀ tí wọ́n mú wọlé lọ fún olùjẹ́jọ́ múlẹ̀. Ní California, Minnesota, Nebraska, Oregon, Wisconsin àti Alaska, òfin ìjọba àpapọ̀ kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 1953 ti fún kóòtù ìpínlẹ̀ láyè lórí ọ̀pọ̀ ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, àyàfi àwọn ibì kan bíi ilẹ̀ ọmọ ìbílẹ̀ Red Lake ní Minnesota. (Alaska kọ́kọ́ ò sí níbẹ̀, ọdún 1958 ni wọ́n fi kún un.) Ẹjọ́ ọ̀daràn tún ní ọ̀nà tirẹ̀, mi ò ní wọ ìyẹn níbí.

Nítorí náà, agbẹjọ́rò tó mọṣẹ́ ní Arizona kì í kàn rán akódà wọlé. Á kọ́kọ́ wádìí bóyá ọmọ ìbílẹ̀ ni olùjẹ́jọ́ àti ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀, á sì béèrè ẹni tí òfin ibẹ̀ fún láṣẹ láti fúnni níwèé. Nígbà mìíràn kóòtù Navajo ni yóò ti pẹjọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Àwọn oníṣòwò mọ́tò ní àwọn ìlú tó yí ilẹ̀ náà ká mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa: òfin Navajo ò gbà kí wọ́n wọlé wá wọ́ ọkọ̀ onígbèsè lọ, àfi bí onítọ̀hún bá buwọ́ lù ú tàbí bí kóòtù Navajo bá pàṣẹ. Wọ́n gbé òfin yẹn lọ sí kóòtù ìjọba àpapọ̀, ìdájọ́ ọdún 1983 sì jẹ́ kó dúró.

Ẹni tí wọ́n fún níwèé náà ò gbọ́dọ̀ sùn. Bí ẹni tó láṣẹ bá mú un wá, kíkọ̀ láti nawọ́ gbà á kì í sọ ọ́ di òfo. Ogún ọjọ́ ni ẹni tí wọ́n fún níwèé nínú Arizona ní láti fèsì, lẹ́yìn ìyẹn olùpẹjọ́ lè máa wá ìdájọ́ láìsí i níbẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ọ̀nà àìtọ́ ni ìwé gbà wọlé, kó má jù ú nù: ìyẹn gan-an ni kó kọ́kọ́ kọ sínú èsì rẹ̀. Bó bá fèsì lórí gbèsè láìmẹ́nu ba bí ìwé ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kóòtù á gbà pé ó ti fara mọ́ ọn.